Agbẹjọ́rò Tí Kò Mọ Ojú Ẹnìkankan

Ọkùnrin kan wà, agbẹjọ́rò ìjọba ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ọ, má sì bi mí pé ọmọ ìlú ibo ni. Bí mo bá sọ ọ́, wàá fi ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ọ sọ sílẹ̀, wàá máa wá ìdílé rẹ̀ kiri.

Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé ìtàn rìbá ni mo fẹ́ sọ. Kò gba rìbá rí. Ó ń tètè dé ibi iṣẹ́, aṣọ dúdú rẹ̀ a máa mọ́ tónítóní, a sì máa kí mẹ́gáàdì kó tó wọlé. Bí o bá bá a pàdé lónìí, wàá fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ìbá fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn ńlá, ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, wọn a kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì, wọn a gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni yóò kà á. Òun ni yóò kọ lẹ́tà pé ẹni yìí ní ẹjọ́ láti jẹ́, tàbí pé kò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Títí lẹ́tà náà yóò fi jáde, adájọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n mú kò sì lè lọ sílé. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa retí rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀hún kì í ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti ní in lọ́kàn pé òun yóò gbé àpótí ìbò lọ́jọ́ kan. Àgbà olóṣèlú kan ló sì kó èèràn ràn án. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé dìbò fún òun kì í ní ọ̀tá." Agbẹjọ́rò gbé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀n bí ọmọ. Ó wo àwọn fáìlì tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó rí i pé ìdílé méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ní kí wọ́n tú Lágbájá sílẹ̀, ìdílé ẹni tó kú yóò bínú. Bí ó bá ní kí Lágbájá wá jẹ́jọ́, ìdílé Lágbájá yóò dọ̀tá. Olùdìbò sì ni gbogbo wọn. Nítorí náà, fáìlì tó bá rọrùn, yóò kọ lẹ́tà rẹ̀ kíákíá. Èyí tó bá le, tí ẹni ńlá bá wà nínú rẹ̀, yóò pa á dé, yóò sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé e síbẹ̀ ná."

Bí akọ̀wé bá fẹ́ ráhùn, a pa òwe fún un. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bọ̀dá." Òótọ́ ni òwe náà, bàbá mi náà a máa pa á. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ẹni tó fẹ̀sọ̀ mú nǹkan ṣáà mú un. Ọkùnrin yìí kò mú un rárá.

Àmọ̀ó ni orúkọ akọ̀wé náà. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ń pè é ní bọ̀dá. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Àmọ̀ó ní láti lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ pe orúkọ àwọn tó ń retí lẹ́tà, kí ó lè mọ ẹni tó ṣì wà. Wọn a kó wọn jáde sínú oòrùn, wọn a ní kí wọ́n lóṣòó ní márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, Àmọ̀ó a sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ojú wọn. Ó mọ ẹni tí eyín ń dùn, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ. Bí ó bá padà dé, a jíṣẹ́ fún ọ̀gá. "Ọ̀gá, Oyèníran káfíńtà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ọ̀gá a mi orí, a ní, "Ó mà ṣe o. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un." Ó sì ń dùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ló gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ náà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí òfin tó ní kó lọ.

Nínú àwọn fáìlì tó le yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Fáìlì Làmídì ni. Agbẹ́kànga ni Làmídì. Ó ń gbẹ́ kànga nílé ìjòyè pàtàkì kan, àkọ́bí ìjòyè náà já sínú kànga, ó kú. Ìjòyè ní Làmídì ló pa á. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé náà sọ fún ọlọ́pàá pé pákó ni Làmídì fi bo kànga kó tó lọ jẹun, pé ọtí ló pa àkọ́bí tó fi lọ ṣí i. Ó wà lákọsílẹ̀, ní ojú ewé kẹta. Agbẹjọ́rò kà á, ó rí i pé Làmídì kò ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ó tún rí i pé ìlú ìjòyè yẹn ni olùdìbò pọ̀ sí jù. Ó pa fáìlì dé. Ọdún mọ́kànlá kọjá lórí rẹ̀, ìyá Làmídì sì wà láàyè, ó ń retí.

Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó gbé àpótí. Àmọ̀ó tó ti fẹ̀yìn tì náà tẹ̀ lé e, nítorí àjọṣe ọjọ́ pípẹ́. Ní ìlú gbogbo tí wọ́n bá dé, agbẹjọ́rò a gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. A ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wà nípò. Bí ẹnì kan bá wà níhìn-ín tí mo ṣẹ̀, kó dìde." Ẹnikẹ́ni kì í dìde. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, obìnrin a dá ṣọ̀ṣọ̀, agbẹjọ́rò a sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dìbò ni obìnrin tó gba ipò rẹ̀ ní ọ́fíìsì pè é. Ó ní, "Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ka fáìlì Làmídì. Ẹ kọ ojú ewé kan péré fún mi pé ẹ kò rí ẹjọ́ nínú rẹ̀, kí n lè buwọ́ lu lẹ́tà, kí ọkùnrin náà máa lọ sílé." Agbẹjọ́rò ní òun ti gbọ́. Ó ní lẹ́yìn ìbò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ṣírò ìbò, wọ́n rí i pé ó ku díẹ̀ káàtó. Ẹnì kan ní òun gbọ́ nípa abà kan lẹ́bàá ààlà, lódìkejì odò kékeré kan, tí olóṣèlú kankan kì í dé. Ó ní èrò pọ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ní òun yóò lọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n débẹ̀, ní àsìkò ọyẹ́. Kùrukùru bo ojú ọ̀run, oòrùn ràn kò sì múná. Ọkọ̀ kò lè la odò kọjá. Agbẹjọ́rò ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ní kí Àmọ̀ó máa tú ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn, òun ti ń lọ. Ó sì lọ ní òun nìkan.

Abà náà dára. Wọ́n ti gbá gbogbo ojúde. Káfíńtà kan ń fá pákó, aránṣọ kan ń lọ aṣọ, olúkúlùkù wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe agbẹjọ́rò lára, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó rìn síwájú díẹ̀ kó tó yé e. Kò gbọ́ ohùn ọmọdé kankan. Kò rí arúgbó. Páànù orí ilé ti dípẹtà, abà náà ti pẹ́, síbẹ̀ kò sí ibojì kan ṣoṣo níwájú ilé ẹnikẹ́ni.

Ó bi wọ́n léèrè pé, "Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Aránṣọ náà ní, "Wọ́n wà nílé."

"Ilé wo?"

"Ilé tí a ti wá."

Agbẹjọ́rò kò bèèrè mọ́. Ó ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ pé kí wọ́n jókòó tí gbogbo wọn fi lóṣòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ní márùn-ún márùn-ún, ọwọ́ lórí orúnkún. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àlejò níbẹ̀ nìyẹn, ó sì wù ú. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kí ẹni tí òun bá ṣẹ̀ dìde.

Káfíńtà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, alàgbà, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí," ni káfíńtà sọ. "Bí ẹ ṣe mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fi rántí tèmi. Wọ́n ní mo pa ẹnì kejì mi nínú ìjà. Èmi kọ́. Wọ́n ní kí n máa retí lẹ́tà agbẹjọ́rò ìjọba. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi retí rẹ̀."

"Márùn-ún ni tèmi," ni aránṣọ wí.

"Mẹ́sàn-án ni tèmi," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Wọn kò bínú. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹní ń sọ iye ọmọ tó bí.

Agbẹjọ́rò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ojú olóṣèlú ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣe irú èyí kò ṣe é re. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n?"

"A ò mọ̀ ọ́n. A ò rí i rí," ni káfíńtà dáhùn. "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Rárá," ni agbẹjọ́rò wí.

Ó wo ojú káfíńtà náà dáadáa. Ọkùnrin náà ní àmì dúdú kan lábẹ́ ojú òsì, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun. Agbẹjọ́rò lè búra nílé ẹjọ́ èyíkéyìí pé òun kò rí ọkùnrin yìí rí. Ìbúra náà kì bá sì jẹ́ irọ́.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ẹ ti jáde," ni ó wí.

"A ti jáde."

"Báwo lẹ ṣe wá jáde?"

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Káfíńtà ní, "Ẹnì kan ló kù lẹ́yìn nínú àwa tí a jọ wà. Làmídì ni, agbẹ́kànga. Ikọ́ ń ṣe é, ikọ́ náà kò sì dára. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ̀ ń lọ, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀, alàgbà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. A ò fẹ́ kó wá bá wa níbí."

Ìgbà yẹn ni Àmọ̀ó dé, gbohùngbohùn léjìká, òógùn lójú. Ó rí àwọn ènìyàn náà lórí ìlóṣòó, ó dúró. Ó rọra sọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ kàn ṣí, ohùn tó fi ń pe orúkọ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ló sì jáde.

"Oyèníran."

Káfíńtà gbọn èérún pákó kúrò lára. Ó wo Àmọ̀ó bí ẹni tí àna rẹ̀ ká mọ́ ibi tí kò yẹ, ó yí padà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

"Súbúọlá." Aránṣọ dìde. "Jìnádù." Ẹni tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn dìde. Àmọ̀ó ń pè wọ́n, kò lè dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò sáré. Nígbà tó pe orúkọ tó kẹ́yìn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Agbẹjọ́rò sáré dé ẹ̀yìn ilé. Pápá tí iná ti jó ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ, eérú bo gbogbo rẹ̀, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú eérú náà. Ó padà síwájú ilé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí aránṣọ fi ń lọ aṣọ ṣì ń rú èéfín.

Àmọ̀ó ti jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Àkúdàáyà ni wọ́n, ọ̀gá. Ọjọ́ wọn kò tíì pé nígbà tí wọ́n kú, wọ́n wá ń lo ìyókù níbí. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ti rí wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò."

"Mo ti bá wọn jókòó kí o tó dé," ni agbẹjọ́rò wí. Ẹ̀rù ba á dé ibi pé ó gbàgbé láti fi ẹ bọ̀wọ̀ fún bọ̀dá. "Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí wọn kò sá fún mi?"

Àmọ̀ó gbé ojú sókè wò ó.

"Wọn kì í sá fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ọ̀gá."

Nígbà tí wọ́n padà dé etí odò, Àmọ̀ó mú ìwé àti bírò nínú ọkọ̀. Ó ní, "Làmídì ṣì wà láàyè. Ọjọ́ Ajé ni mo mú ọṣẹ lọ fún un. Ojú ewé kan ni, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ níbí, èmi ni n ó gbé e lọ." Agbẹjọ́rò gba bírò. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó gbà á, ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ Làmídì. Lẹ́yìn náà ó rántí ìjòyè, ó rántí ìlú rẹ̀ àti èrò inú ìlú náà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, bọ̀dá," ni ó wí. "Ẹni tó ti retí fún ọdún mọ́kànlá..."

"Ó dàbọ̀, ọ̀gá," ni Àmọ̀ó wí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì bá a ṣiṣẹ́ mọ́.

Agbẹjọ́rò wọlé ìbò. Ìlú ìjòyè ló gbé e wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìbúra dé, ìdúpẹ́ tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Bí ó bá rí ẹni tó jókòó tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, a fi oúnjẹ sílẹ̀, a dìde. Ní oṣù kẹta ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó kọ ojú ewé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó gba ipò rẹ̀ buwọ́ lu lẹ́tà lójú ẹsẹ̀, agbẹjọ́rò sì ní òun fúnra òun ni yóò mú un dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò mú awakọ̀, kò mú oníròyìn. Bí ó ṣe ń wakọ̀ lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tilẹ̀ ń kọrin.

Nítorí pé kò dé ibẹ̀ rí, kò mọ ọ̀nà. Ó rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ó rù hangogo, ẹrù kékeré kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Agbẹjọ́rò dúró, ó bèèrè ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé," ni ọkùnrin náà wí. "Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

"Ẹ lọ kí ènìyàn níbẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo jáde ni."

Inú agbẹjọ́rò dùn. Ó kí i kú oríire, ó fún un ní omi inú ike. Ọkùnrin náà mu díẹ̀, ó ta ìyókù sílẹ̀, ó sì ń wo ibi tí ilẹ̀ ti mu ún. Ó ní, "Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí. Kò jìn."

"Ṣé ilé lẹ ń lọ báyìí?"

"Ilé kò ṣeé lọ mọ́, alàgbà. Àwọn ènìyàn mi wà níbì kan, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ." Ó dúpẹ́ omi, ó wo agbẹjọ́rò lójú láìbẹ̀rù rárá, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá àwọn wọ́dà ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ìdájí òní ni, alàgbà. Ikọ́ yẹn náà ni." Wọ́n mú agbẹjọ́rò wọ yàrá kan, wọ́n sì ṣí aṣọ kúrò lójú òkú kan tó wà lórí àkéte. Wọ́dà bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Agbẹjọ́rò wo ojú òkú náà, ó rántí omi inú ike.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ọkùnrin náà ṣì wà lórí àga ńlá títí dòní, wọ́n ń pè é ní ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wakọ̀ fún un sọ pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tí kì í fi wo iwájú. Ọkùnrin kan a máa rìn lọ lókèèrè, ẹrù kékeré lábẹ́ apá. Ọlọ́lá a ní kí wọ́n yára, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ọn, ọkùnrin náà a bojú wẹ̀yìn, a rí i pé ẹni tó mọ òun ni, a sì yà wọ igbó.

Ìwọ náà rèé, wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìwé ilẹ̀. Mo bá ọ yọ̀, bàbá rẹ ìbá yọ̀. O sọ fún mi lánàá pé láti ìgbà tí o ti débẹ̀, o kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀ yìí, mo bá obìnrin opó kan lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ. Ó ní ọjọ́ kẹrin rèé tí òun ti ń wá. Mo bi í bóyá ó ti rí ọ, ó ní òun kò mọ̀ ọ́ lójú. Dìde, ọmọ mi. Bá mi gbé ife omi tó wà níwájú rẹ yìí lọ fún un, kí o sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀.